Ẹja Tó Gbé Ẹ̀ka Ẹ̀sùn Mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó dáadáa, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ oyè òun lórí ìdúró. Oyè náà gùn. Olùdarí Àgbà fún Ìpèsè, Ìpínkiri, Ìfọ̀mọ́ àti Ìṣọ́ Omi Ẹ̀rọ Gbogbo Ìlú ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn kò gbà á tán, wọ́n kọ èyí tó kù sára ògiri. Àwa máa pè é ní Ọ̀gá Omi. Bó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Omi kì í dá rìn. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni, máa ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé kékeré kan, á sì máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde sínú rẹ̀, títí kan ikọ́. "Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí," ló máa kọ. "Ìkejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ." Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti olú-iléeṣẹ́ pé Aṣàyẹ̀wò Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Bí Aṣàyẹ̀wò bá rí i pé omi ìlú dára, wọ́n máa gbé Ọ̀gá Omi lọ sí olú-iléeṣẹ́, kó di ọ̀gá lórí gbogbo àwọn ọ̀gá omi yòókù. Lásìkò yẹn, omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìlú ní àwọ̀ tíì, ó kàn ku ṣúgà ni. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ní kí wọ́n lọ tún páìpù ṣe. Ọ̀gá Omi pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi!" ló wí, ó sì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé òun ló ń dá òjò dúró. "Ta ló ń gbé inú omi tọ̀sán-tòru tí kì í ráhùn? Ẹja ni! Ta ló mọ adùn omi ju ẹnjiníà lọ? Ẹja ni! A máa ra ẹja, a máa fi sínú àpótí gíláàsì, a sì máa gbé e síwájú Aṣàyẹ̀wò. Bí ẹja bá yè, omi wa yè. Bí omi wa bá yè, èmi náà á..."

Kò ráyè parí rẹ̀. Igbákejì ti ń pàtẹ́wọ́, ó pa á títí tí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n máa gbé àpótí sí. Yàrá Ọ̀gá Omi fẹ̀ bí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àwòrán ara rẹ̀ mẹ́rìnlá ló kún orí gbogbo tábìlì àti pẹpẹ. Òun níbi tó ti ń ṣí ẹ̀rọ omi. Òun níbi tó ti ń tì í. Òun níbi tó ti ń wo omi bí ẹni tí omi jẹ ní gbèsè. Kò sí èyí tó gbà kí wọ́n gbé kúrò. Àyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ní ọ̀kánkán àga àlejò. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì ni wọ́n rà, bókẹ́ẹ̀tì omi mẹ́ta ló sì kún un.

Ta ló máa tọ́jú ẹja? Obìnrin kan wà ní Ẹ̀ka Ìwé tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Fáìlì. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ o, ìgbà díẹ̀, ọdún mẹ́fà! Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tó bá wu ọ̀gá ni wọ́n lè ní kó máa lọ sílé, láìsọ ìdí. Ó sì ní ọmọ méjì nílé ìwé, ó ní ìyá ọkọ tó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá Omi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Ìyá Fáìlì ń sin ẹja wẹ́wẹ́ nílé fún àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é.

"Bí ẹja mi bá yè títí Aṣàyẹ̀wò fi dé," Ọ̀gá Omi wí, "mo máa fọwọ́ sí ìwé rẹ. Bó bá kú, ìwọ àti ẹja lẹ jọ máa lọ."

"Ẹ ṣé, sà," Ìyá Fáìlì dáhùn. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ọ̀gá Omi, Igbákejì àti Ìyá Fáìlì ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹlẹ́ja, arúgbó kan tó ti ń ta ẹja wíwò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Bàbá wí. "Báwo ni àpótí yín ṣe tóbi tó?"

"Ọ̀gá wa kì í sọ ìwọ̀n ohun ìní wọn fún èèyàn," Igbákejì dáhùn.

"Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni, Bàbá," Ìyá Fáìlì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Omi bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹja kékeré la máa wò nìyẹn. Kì í ṣe èyí tó kéré lónìí nìkan o, èyí tó máa kéré títí ayé rẹ̀ ni. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí tó ní ìlà aró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá dàgbà dàgbà, wọn ò lè ju ọmọńdinrín yín lọ. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa rìn pọ̀, torí náà ẹ mú mẹ́fà. Ẹ fi ẹyọ kan kún un nínú àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó ń ṣa oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù jẹ. Ó tán. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ jù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ó gbádùn wọn."

Ọ̀gá Omi wo àwọn ẹja náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò kí i. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tó dúró níwájú yín? Ṣé kí Aṣàyẹ̀wò rìnrìn-àjò wá, kó wá máa fi awò wá ẹja mi kiri inú omi? Ẹja kékeré, ọ̀gá kékeré!"

Igbákejì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Omi ti rí ẹja kan tó dá wà nínú àpótí tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kò tíì gùn ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ nípọn, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àbàwọ́n pupa bí iná, ó sì ranjú mọ́ ọ̀gá láìmira. "Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?"

"Agbẹ́gbẹ́mì là ń pè é níbí, sà. Kò yẹ yín. Ọmọ ọwọ́ lẹ rí yẹn o. Kó tó pọ́dún, á ti gùn tó apá mi yìí, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ohunkóhun tó bá sì ti gba ẹnu rẹ̀ kọjá, gbígbé mì ni."

Ojú Ọ̀gá Omi tàn. "Ó ń dàgbà kíákíá! Ó ń gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì! Kì í sì í tẹríba fún ẹnikẹ́ni! Igbákejì, ta lèyí jọ?"

"Ó jọ yín, sà! Pàápàá jù lọ ní ètè." Igbákejì wo ojú ọ̀gá, òógùn sì bò ó. "Ní ìgboyà, sà. Ìgboyà ni mo ní lọ́kàn."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Fáìlì bẹ̀ ẹ́, "àyè yẹn ò lè gbà á tó bá dàgbà."

"Èmi ni Olùdarí Omi. Omi náà á wá bó ṣe máa gba ẹja mi."

Bàbá Ẹlẹ́ja mi orí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o," ló wí, ó sì lọ mú àwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀ka márùn-ún ló wà ní iléeṣẹ́ náà, Ọ̀gá Omi sì pàṣẹ pé ẹja kọ̀ọ̀kan máa dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Agbẹ́gbẹ́mì ló dúró fún òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ra onílà aró mẹ́rin àti ẹja ìsàlẹ̀ kan mọ́ ọn. Àwọn onílà aró di Ẹ̀ka Páìpù, Ẹ̀ka Ẹ̀rọ, Ẹ̀ka Mọ́tò àti Ẹ̀ka Ẹ̀sùn. Ẹja ìsàlẹ̀ di Ẹ̀ka Ìwé, torí wọ́n ní ìsàlẹ̀ náà ni Ẹ̀ka Ìwé ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Ọ̀gá Omi sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì nípa ìbáṣepọ̀ ẹja àti ìjọba. Àwọn ẹja nìkan ló gbọ́ ọ dópin, torí àwọn ni kò ní ìpéǹpéjú tí wọ́n lè pa dé.

Ìyá Fáìlì mọ̀ pé omi aláwọ̀ tíì yẹn lè pa ẹja. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti ru omi àpótí ẹja ilé tirẹ̀ wá, ó sì fi kún ti ọ̀gá. Ìdí tí ẹja kankan kò fi kú nìyẹn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Omi ló gba oríyìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Fáìlì kọ ìwé ìbéèrè, bí ìlànà iṣẹ́ wọn ti wí. Ní iléeṣẹ́ yẹn, o kò lè gbé àga láti ìhín sí ọ̀hún láìkọ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi bírò aláwọ̀ ewé kọ èsì sí etí rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì fi í sí fáìlì. Ó tọrọ àyè láti pààrọ̀ omi bókẹ́ẹ̀tì kan. Èsì padà: *A kì í da omi ọ̀gá nù.* Ìbuwọ́lù Ọ̀gá Omi gba ìyókù ojú ìwé, oyè rẹ̀ sì ṣẹ́ sí ẹ̀yìn.

Kí ni Ìyá Fáìlì ṣe? Ó ra ife. Lójoojúmọ́, bí ọ̀gá bá lọ jẹun, á bu ife omi mélòó kan jáde, á da omi tó mọ́ sí i, á sì jókòó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ti rí i rí, kí èèyàn máa jí omi ìdọ̀tí?

Ṣùgbọ́n ife kan kò lè bá ẹnu ogójì èèyàn jà. Àṣà tuntun ti wọ iléeṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ẹja, kó fún un ní oúnjẹ díẹ̀, kó sì wí pé, "Kí ọ̀gá máa sanra o." Ẹni tó bá fẹ́ ìgbéga á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó pẹ́ dé ibiṣẹ́ á fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Agbẹ́gbẹ́mì wá ń sanra, omi náà sì ń dúdú.

Ní oṣù kẹta, wọ́n dé ọ́fíìsì láàárọ̀, Ẹ̀ka Ẹ̀sùn ò sí mọ́. Wọ́n wo àárín òkúta, wọ́n wo ẹ̀yìn ewé. Agbẹ́gbẹ́mì ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ṣé kí wọ́n sọ pé ẹja ọ̀gá ń pa èèyàn ọ̀gá? Igbákejì ló gba ọ̀rọ̀ náà là. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, sà. Ẹ̀ka Ẹ̀sùn kò kú. Ó wọnú ọ̀gá lọ ni."

Ọ̀gá Omi ronú. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí irú èèyàn yìí bá ń ronú. "Ohun tí ẹja bá ti ṣe," ló wí níkẹyìn, "kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ẹ ti Ẹ̀ka Ẹ̀sùn pa."

Wọ́n sì tì í pa lóòótọ́! Ẹ̀ka Ẹ̀sùn ni fèrèsé kan tí àwọn ará ìlú máa ń gbé ìgò omi dúdú wá síbẹ̀. Wọ́n kan fèrèsé náà pa, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ méjèèjì tó wà níbẹ̀ máa lọ ka iye ẹ̀rọ omi tó wà ní ìlú. Ní òpin oṣù, ìròyìn jáde: *Iye ẹ̀sùn: òfo.* Ọ̀gá Omi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹja yìí ti ṣe ohun tí ogún ọdún ẹnjiníà kò lè ṣe!"

Nígbà tí Agbẹ́gbẹ́mì gbé Ẹ̀ka Mọ́tò mì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ gbogbo awakọ̀. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wá yé àwọn tó kù. Ọ̀gá Páìpù, ọkùnrin tó sanra tó sì ní ìyàwó tó ń retí ìbejì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹyin sísè wá fún Agbẹ́gbẹ́mì láàárọ̀, kó lè yó, kó má baà rántí ẹja Páìpù. Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbọ́, ó gbé ẹran gígé wá. Ọ̀gá Páìpù gbé edé wá. Àwọn àgbàlagbà méjì, wọ́n wá ń ti ara wọn lẹ́jìká níwájú ẹja, wọ́n ń pè é ní "ẹ̀yin bàbá." Agbẹ́gbẹ́mì jẹ ẹyin, ó jẹ ẹran, ó jẹ edé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó fi Ẹ̀ka Páìpù panu. Àwọn òṣìṣẹ́ tò wá kí Ọ̀gá Páìpù kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló ń kí i jù, inú rẹ̀ sì ń dùn lábẹ́ aṣọ, títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀ka Ìwé nìkan ló kù. Ìyá Fáìlì ti fi àpáàdì kan sísàlẹ̀ omi, ihò rẹ̀ ò sì gbà ju ẹja kékeré kan lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni Ẹ̀ka Ìwé sá sí.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, Agbẹ́gbẹ́mì ò lè yí padà mọ́. Ó há ní ìbú àpótí, orí rẹ̀ kan gíláàsì ẹ̀yìn, ìrù rẹ̀ kan gíláàsì iwájú, ó kàn ń mí gúlegúle. Bó sì ṣe há yìí, ìdí rẹ̀ ló kọ sí àga àlejò.

"Kí ẹja mi kọ̀dí sí Aṣàyẹ̀wò?" Ọ̀gá Omi bú jáde. "Ẹ yí i!"

Igbákejì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó kí ẹja, ó tọrọ gáfárà, ó ki ọwọ́ bọ omi. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní ìta. Lẹ́yìn tí wọ́n di ìka rẹ̀ tán, ó mú ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Wọ́n gé mi jẹ lónìí. Mo dúpẹ́.*

Ìyá Fáìlì kọ ìwé ìbéèrè kọkànlá. Nígbà yìí, kì í ṣe ìbẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Àánú ẹja náà ń ṣe é. Ẹja náà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n sọ òun di ọ̀gá. Ó kàn ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni, ó sì ń dàgbà bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a.

Aṣàyẹ̀wò Àgbà dé ní Ọjọ́rú. Gbogbo wọn ń retí ọkọ̀ gàgàrà. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ ló fẹsẹ̀ rìn wọlé, ó fi báàgì há abíyá. Ó jókòó, ó wo ìdí ẹja. Ọ̀gá Omi sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó mí, obìnrin náà béèrè pé, "Ẹ̀sùn mélòó lẹ gbà láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn?"

"Òfo, mà!"

"Ní gbogbo ìlú yìí?"

"Ìtẹ́lọ́rùn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mà."

Obìnrin náà yọ ìgò kan nínú báàgì. Tíì ni, láìsí ṣúgà. "Ẹnu ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá géètì yín ni mo ti pọn ọ́n, kò tíì pé wákàtí kan. Ibo ni mo ti lè fi ẹ̀sùn sùn?"

"Ní Ẹ̀ka Ẹ̀sùn, mà," Ọ̀gá Omi dáhùn. Ọkùnrin náà ti gbàgbé!

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Igbákejì wo ilẹ̀, ó wo àjà, ó wo ìka rẹ̀ tí wọ́n dì. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Kò sí mọ́, mà. Ẹja ti gbé e mì."

Aṣàyẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹja gbé ọ́fíìsì ìjọba mì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ́fíìsì tó ń tún páìpù ṣe ńkọ́?"

"Ẹja náà ni, mà."

"Ti ẹ̀rọ?"

"Ọ̀sẹ̀ kan náà ni, mà. Ọjọ́ Ẹtì."

Ọ̀gá Omi rí i pé olú-iléeṣẹ́ ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó fò dìde. "Mà, ẹ má dá òmùgọ̀ yìí lóhùn! Ẹ wo ẹja bó ṣe sanra! Ṣé inú omi tí kò dára ni ẹja ti ń sanra báyẹn? Omi tó wà nínú àpótí yìí, èmi gan-an lè mu ún níwájú yín!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí bó ṣe wù ú. Aṣàyẹ̀wò wo omi. Ó rí Ìyá Fáìlì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú fún wọn."

Ìyá Fáìlì bù ú. Omi náà ki. Èèpo edé kan ń léfòó lójú rẹ̀. Ọ̀gá Omi wo ife, àwòrán mẹ́rìnlá ń wo Ọ̀gá Omi. Ó pa ojú dé, ó gbé e mu, gbì! "Ó," ló wí. "Ó dùn." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí àwọ̀ pa dà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kò yọ omi.

Nígbà tó padà, ó ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ó na ìka sí Ìyá Fáìlì. "Obìnrin yìí ni! Òun ni mo fi ẹja lé lọ́wọ́! Òun ló ba omi mi jẹ́! Ó parí iṣẹ́ níbí lónìí!"

Ìyá Fáìlì rí oògùn ìyá ọkọ rẹ̀ lójú, ó rí ẹ̀wù ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìwé, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ, ó mú fáìlì kan wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Aṣàyẹ̀wò. Aṣàyẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Ìwé kìn-ín-ní, pé kí wọ́n pààrọ̀ omi: *A kì í da omi ọ̀gá nù.* Ìwé kẹrin, pé kí wọ́n dá ẹja ńlá padà sí adágún tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹlẹ́ja: *Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹja mi kò fẹ́ràn mi.* Ìwé keje, pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù: *Ta ló fẹ́ kí n rù?* Ìwé kọkànlá: *Kí akọ̀wé yìí yéé dà mí láàmú. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.* Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n buwọ́ lù, pẹ̀lú oyè lódindi.

Aṣàyẹ̀wò pa fáìlì dé. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò," ló wí. Ó kí wọn, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé pé kí Ọ̀gá Omi máa lọ sinmi sílé, kó sì kúrò kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ rí ayé lóde! Kó tó di aago mẹ́wàá, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yàrá náà. Igbákejì ti lọ dúró ní géètì de ọ̀gá tuntun, ó ti ra ìwé kékeré mìíràn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìyá Fáìlì nìkan ló wọlé. Ó kó ìwé méjì dání, ó sì gbé bókẹ́ẹ̀tì ńlá kan.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé ìbéèrè kejìlá nìyí. Pé kí n gbé ẹja lọ sí adágún Bàbá Ẹlẹ́ja."

Ọ̀gá Omi kà á. Mo ní ó kà á! Ó buwọ́ lù ú, láìkọ nǹkan kan sí etí rẹ̀. Ó wá rí ìwé kejì, ti Ìyá Fáìlì fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lókè. Ìlànà wọn ni pé ìbuwọ́lù rẹ̀ ṣì lágbára títí di aago méjìlá. Bó bá di ọ̀sán, ìwé náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Aago ti lé ní mọ́kànlá.

"Ìyá Fáìlì, bí mo bá fọwọ́ sí èyí, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ mi mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé o máa bẹ̀ mí?"

Ìyá Fáìlì ronú. Ọdún mẹ́fà ló ti fi bẹ̀ ẹ́. "Rárá, sà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ fọwọ́ sí i, kí n lè bá yín gbé bókẹ́ẹ̀tì. Ẹja yẹn wúwo, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa bá yín gbé e."

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo bókẹ́ẹ̀tì. Ó buwọ́ lù ú ní kíá, orúkọ rẹ̀ nìkan, kò fi oyè sí i. Ìyá Fáìlì ká ìwé náà mẹ́rin, ó fi í sí àyà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Wọ́n fi aṣọ tútù gbé Agbẹ́gbẹ́mì jáde. Bó ṣe bọ́ sínú bókẹ́ẹ̀tì, ó yí padà lẹ́ẹ̀kan, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀kan di apá òsì mú, èkejì di ti ọ̀tún, wọ́n sì gbé e gba géètì kọjá. Igbákejì ti tẹríba kó tó rí ẹni tó ń bọ̀, ló bá nàró padà.

Lójú títì, ìyá kan tó gbé agbọ̀n yọjú wo inú bókẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹja ńlá rèé o. Ṣé títà ni?"

Ìyá Fáìlì wo ọkùnrin náà, kó lè fèsì.

"Rárá, mà," ló wí. "A ń gbé e lọ síbi tó gbà á ni."